Àlùkò, Agbe àti Osùn Abẹ́ Apá: Ìfẹ́sọ́nà Ẹyẹ Méjì àti Ìtumọ̀ Lítíréṣọ̀ Alohùn

Nínú ìwúre, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá, agbe ni wọ́n máa ń so mọ́ aró, àlùkò ni wọ́n ń so mọ́ osùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bí sí Ìkẹjà tàbí Agége lónìí lè mọ ìwúre náà lórí, kí ó má sì rí ẹyẹ méjèèjì rí. Èyí kò yani lẹ́nu. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1901, gba Agége kọjá. Oko kòkó àti obì àwọn àgbẹ̀ bíi J. K. Coker gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ibi tí igi ti wà tẹ́lẹ̀ di ibi páànù àti kọnkéré.

Ìdílé Musophagidae, tí kò sí níbòmíràn àfi ilẹ̀ Áfíríkà, ni ẹyẹ méjèèjì ti wá. Agbe, Corythaeola cristata, ni ó tóbi jù nínú wọn. Àlùkò, Musophaga violacea, dúdú bí ẹlùú, ó sì ń dán. Èso igi ni oúnjẹ wọn. Wọ́n a máa sáré lórí ẹ̀ka ju bí wọ́n ti ń fò lọ.

Bí àkókò ìfẹ́sọ́nà bá tó, akọ àti abo a máa ké sí ara wọn, wọn a máa lé ara wọn kiri láàárín ewé, wọn a sì máa gbé ìyẹ́ orí sókè sódò. Akọ a máa fi èso bọ́ abo lẹ́nu. Nígbà tí àlùkò bá bà sórí igi, pípọ́n apá rẹ̀ fara pamọ́. Ìgbà tí ó bá na apá ni ó ń hàn gbangba. Akọ àti abo ni ó jọ ń sàba, àwọn méjèèjì ni ó sì ń bọ́ ọmọ.

Ní 1869, A. H. Church fi hàn pé bàbà wà nínú èròjà tí ó ń mú ìyẹ́ apá ìdílé yìí pọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní turacin. Omi tí ó korò bí omi eérú aláró lè yọ ọ́ kúrò lára ìyẹ́. Ti agbe yàtọ̀: ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà ta padà lára ìyẹ́ ni ó sábà máa ń fún ẹyẹ ní àwọ̀ aró. Nítorí náà, àlùkò ní osùn tirẹ̀ ní ti gidi.

Àwọn olùtúmọ̀ kan ti sọ àlùkò di woodcock, ẹyẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tí kò ní osùn kankan lára. Ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ ba àfiwé náà jẹ́ pátápátá, nítorí orí àwọ̀ ni àfiwé náà dúró lé. Ohun tí ìwúre ń tọrọ ni ọrọ̀ tí a bí mọ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò yá ni. Ẹni tí kò mọ ẹyẹ náà yóò ka ọ̀rọ̀ náà sí ẹwà èdè lásán, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó tẹjú mọ́ igbó dáadáa ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́.