Ìjánu Ẹnu Ìbọn

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí èrò bá kún Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun a gẹṣin wọlé, àwọn èèyàn wọn a sì máa yin ṣakabùlà. Ẹni tó ń yìn ín a kọ ẹnu ìbọn sókè. Ẹ̀tù nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọta, nítorí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ti èèyàn sẹ́yìn. Ọdẹ tó ki ọta sí tirẹ̀ nínú igbó ló mọ bí ìdí ìbọn ṣe ń gbá èjìká.

Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ra ráífù ní Amẹ́ríkà láti fi pa àgbọ̀nrín yóò rí irin kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn nítorí gbígbá yìí: muzzle brake. Ìjánu ni. Ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọta ti ń jáde, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń lé e bọ̀ a gba ihò wọ̀nyẹn yà, a lu ara irin, a sì fa ìbọn síwájú díẹ̀. Èjìká á sinmi, ojú á tètè padà sára ẹran. Ṣùgbọ́n ariwo tí ì bá lọ síwájú á yà sí etí ọdẹ àti ti ẹni tó dúró tì í. Kí ẹnikẹ́ni má lò ó láìdi etí. Bí ráífù kò bá lágbára, mi ò rí ohun tí èèyàn fẹ́ fi ìjánu ṣe.

Òfin ló gba ìfarabalẹ̀ jù. Ní California, bí ráífù bá ń gbé ọta tuntun sí ipò fúnra rẹ̀, tí ilé ọta rẹ̀ sì ṣeé yọ, irin tó ń bo iná ẹnu ìbọn, flash suppressor, lè sọ ọ́ di ìbọn èèwọ̀. Ìjánu kò sí nínú ohun tí wọ́n kà síbẹ̀. Ní New York, òfin SAFE Act ti 2013 dárúkọ méjèèjì. Irin kan náà tí kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù ní Los Angeles lè sọ èèyàn di arúfin ní New York. Àwọn ìjánu kan tún ń bo iná pọ̀ mọ́ ọn. Kí olùrà bi ẹni tó ṣe é kó tó sanwó. Ráífù tí a ń fọwọ́ fà kí ọta míràn tó wọlé kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Òfin ìbọn Nàìjíríà, ti 1959, kò wo ẹnu. Irú ìbọn ló ń wò. Ráífù ológun oní-7.62 mílímítà wà lára èyí tó léèwọ̀, ráífù ọdẹ ń fẹ́ ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ṣakabùlà pàápàá sì ní ìsọ̀rí tirẹ̀, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún bàbá ẹni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀ wálé fún Ojúde Ọba, kó fi ráífù sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Aṣọ́bodè kò ní bi í nípa ìjánu. Ìbọn gan-an ni yóò béèrè ìwé rẹ̀.