Orúkọ Kan, Ẹ̀ńjìnnì Méjì: Àlàyé Lórí Katakata Massey Ferguson 35

Ẹni tí ó bá wọ Sabon Gari ní ìlú Kano láti ra ẹ̀yà ara katakata, ì báà pè é ní katakata ní Yorùbá tàbí tarakta ní Hausa, yóò rí i pé orúkọ nìkan kò tó. A fẹ́ fi Massey Ferguson 35 alo-dísù ṣe àpẹẹrẹ.

Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1957 ń lo ẹ̀ńjìnnì Standard 23C onísílíńdà mẹ́rin. Ní ìparí 1959, Perkins A3.152 rọ́pò rẹ̀. A ó ṣe àkíyèsí pé orúkọ èyí ń túmọ̀ ara rẹ̀: 3 ni iye sílíńdà, 152 sì ni ìwọ̀n àyè inú wọn ní ínǹṣì kúbíìkì, ìyẹn bíi lítà 2.5.

Ọ̀dà ara kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí a lè tún un kùn. Ohun tí ó dájú ni kí a ka páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń gbé dísù láti ara pọ́ǹpù lọ sórí ẹ̀ńjìnnì, láìka èyí tí ó ń dá epo padà. Mẹ́rin ni ti Standard. Mẹ́ta ni ti Perkins.

Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ní Kano tí òjò kì í pẹ́, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ lè gba àkókò ìroko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, “onísílíńdà mẹ́ta” àti “onísílíńdà mẹ́rin” yẹ ní àyè tiwọn nínú ìwé atúmọ̀ èdè iṣẹ́ ọwọ́.