Àdàkọ tàbí Àkọkún? Ọ̀rọ̀ lórí Títo Ohùn Orin Lé Ara Wọn

Ní ọdún 1951, Les Paul àti Mary Ford aya rẹ̀ gbé orin "How High the Moon" jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mary Ford nìkan ni ó kọ ọ́, síbẹ̀ agbo akọrin ni ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé òun ń gbọ́. Ilé ni tọkọtaya náà ti ṣe iṣẹ́ yìí. Wọn a kọ́kọ́ gba ohùn kan sínú téèpù. Bí ohùn yẹn bá ti ń jáde, obìnrin náà a tún máa kọ òmíràn lé e, títí ohùn yóò fi di ìpele-ìpele. "Overdub" ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọgbọ́n yìí. Kí ni kí Yorùbá pè é?

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń yá ògbufọ̀ lẹ́nu ni àdàkọ. Èyí kò tọ̀nà, àléébù rẹ̀ sì ju ti ẹwà èdè lọ, nítorí pé yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà nídìí ẹ̀rọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àdàkọ ohùn kan nínú kọ̀ǹpútà, tí ó sì fi méjèèjì lé ara wọn láìyẹ̀, ìgbì ìró méjèèjì yóò gòkè papọ̀, wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ papọ̀. Ohùn náà yóò fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 6 ròkè sí i. Kò ní nípọn rárá. Ohun tí ó ń mú ohùn nípọn ni pé akọrin kò lè kọ gbólóhùn kan náà bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Yóò yá díẹ̀ níbìkan, yóò pẹ́ díẹ̀ níbòmíràn. Ohùn rẹ̀ yóò fi ìwọ̀n tín-ín-rín lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Àwọn ìyàtọ̀ kéékèèké wọ̀nyí ni etí ń gbọ́ bí ẹni pé ènìyàn pọ̀.

Kódà bí ẹ̀rọ ni yóò bá ṣe é, ó ní láti ba àdàkọ jẹ́ kí ó tó wúlò. Ní 1966, ó ti sú John Lennon láti máa kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ken Townsend, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀n, wá so ẹ̀rọ téèpù kejì mọ́ ti àkọ́kọ́, ó sì ń yí eré rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kí ohùn méjèèjì má baà bára mu délẹ̀.

Àtúnkọ sún mọ́ ohun tí a ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè rò pé a ti pa ti ìṣáájú rẹ́. Àkọlé ìbá dára jù, nítorí pé a kọ ọ́ lé èyí tí ó ti wà. Ó ṣeni láàánú pé àwọn oníwèé ti gbà á. Àkọkún ni ó kù. Ìhun rẹ̀ bá ti àfikún mu, ó sì fi hàn pé a tún ẹnu là, a tún orin kọ. Bí ohùn kejì bá jẹ́ orin kan náà gan-an, a lè pè é ní àkọkún ìbejì. Táyé kì í ṣe òjìji Kẹ́hìndé. Fún ọ̀nà tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí téèpù, irú mẹ́rin tí ó wà nínú Portastudio tí TEAC gbé jáde ní 1979 fún àwọn tí ń ṣe orin nílé, ipa tọ́, bí atẹ̀wé kò bá ṣèèṣì fi àmì òkè sí i lórí: ipá jẹ́ ti àwọn onímọ̀ físíìsì.

Lílé àti ègbè kò nílò ìtumọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìpele. Iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe ni wọ́n. Lílé kan lè ní àkọkún mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni "ohùn" fúnra rẹ̀. Olùkọ́ gírámà ń lò ó fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ẹlẹ́rọ sì ń lò ó fún ohun tí ó ti ọ̀fun akọrin jáde. Ẹkúndayọ̀ Phillips, atẹdùùrù, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953, bí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń darí orin Yorùbá. Bí àkọkún bá wá gba ọ̀nà tirẹ̀, tí lílé ń wí ọkọ̀ tí ègbè sì ń wí ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, olùgbọ́ kò ní mọ̀ bóyá wọ́n ń wọ̀ ọ́ ni tàbí wọ́n fi ń ro oko. Ìwé tí ó bá kọ "ohùn méjì lórí ọ̀rọ̀ kan" ní láti sọ èyí tí ó ń wí: ohùn ọ̀rọ̀ ni, tàbí ohùn akọrin.