Ìwà Tuntun Kì í Mọ́ni Lára Lọ́sàn-án Kan Òru Kan

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọjọ́ 21 ti tó kí ìwà tuntun mọ́ni lára. Ìwádìí Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London, tó jáde ní 2010, tako èyí. Èèyàn 96 ni wọ́n ní kí wọ́n mú ohun kan ṣoṣo, bíi mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Fún ẹni tó wà láàárín, nǹkan bí ọjọ́ 66 ló gbà. Ó yá ẹnì kan ní ọjọ́ 18, ìṣirò sì fi hàn pé ti ẹlòmíràn lè tó 254. Ẹ lè ní: bí èèyàn bá fo ọjọ́ kan ńkọ́, ṣé kò ní tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni? Rárá o. Ìwádìí yìí kan náà rí i pé fífo ẹ̀ẹ̀kan kò dí ìtẹ̀síwájú lọ́wọ́ lọ títí. Lójú tèmi, ìtìjú ló ń pa ìpinnu ọdún tuntun ju ìmẹ́lẹ́ lọ: ẹni tí kò rìn lánàá á ní òun ti kùnà, á sì ti bàtà rẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì di oṣù Kejìlá.