Ẹ̀rọ Orí Òrùlé Tí Ń Mú Ilé Tutù Tí Ó Sì Ń Mú Un Gbóná: Bí Oníṣòwò Kékeré Ṣe Lè Yan Èyí Tí Ó Yẹ

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti di oníṣòwò tí ó dá dúró. Àwọn kan ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Houston, àwọn kan ń dirun ní Chicago, àwọn mìíràn sì ní ilé ìtọ́jú ọmọdé tàbí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá àwọn ènìyàn ṣe ìṣirò owó orí. Ilé tí wọ́n ń lò sábà máa ń jẹ́ ilé ilẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ènìyàn bá gun orí irú òrùlé bẹ́ẹ̀, yóò rí àpótí irin ńlá kan tàbí méjì níbẹ̀. Àpótí yìí ni ó ń mú inú ilé tutù nígbà ooru, òun kan náà ni ó sì ń mú un gbóná nígbà òtútù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á, ọjọ́ tí èyí tí ó wà níbẹ̀ bá sì kú lójijì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra òmíràn, nígbà tí oníbàárà ti ń làágùn, tí kò sì sí àyè àtirò ó dáadáa. Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ ìpọ́njú tó dé.

Kí a tó dé orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé àdéhùn ilé. Ní Amẹ́ríkà, irú àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní triple net, nínú èyí tí ayálégbé yóò máa san owó orí ilé, owó ìbánigbófò àti owó àtúnṣe, yàtọ̀ sí owó ilé gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ orí òrùlé wà lára ohun tí ayálégbé yóò máa tọ́jú. Ṣùgbọ́n títún ẹ̀rọ ṣe yàtọ̀ sí fífi tuntun rọ́pò rẹ̀, bí ìwé náà kò bá sì sọ ẹni tí yóò ra tuntun, ìjà ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ní kedere. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ rán oníṣẹ́ ẹ̀rọ gun òrùlé lọ ka àwo irin tí ó wà lára ẹ̀rọ náà. Ọdún tí wọ́n ṣe é máa ń wà lára àwo náà tàbí nínú nọ́mbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 15 ni irú ẹ̀rọ yìí sábà máa ń lò láyé. Ẹni tí ó bá gba ilé fún ọdún 5 pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó ti lo ọdún 17, ìṣòro onílé ni ó fi owó ara rẹ̀ rà yẹn.

Ó wá ku bí ẹ̀rọ náà yóò ti tóbi tó, ibí yìí sì ni a ti gbàgbọ́ pé owó púpọ̀ jù lọ ń ṣòfò. Tọ́ọ̀nù ni àwọn oníṣẹ́ fi ń wọn agbára ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ẹ̀rọ ti wúwo tó. Láti ayé àwọn oníyìnyín ni ó ti wá: ooru tí ó lè yọ́ tọ́ọ̀nù yìnyín kan, ìyẹn 2,000 pọ́n-ùn, láàárín wákàtí 24 ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù kan. Bí a bá fi òṣùwọ̀n BTU wò ó, ó jẹ́ 12,000 BTU ní wákàtí kan. Ó sábà máa ń hàn nínú nọ́mbà tí ilé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ náà: 036 dúró fún 36,000 BTU, ìyẹn tọ́ọ̀nù 3, 060 jẹ́ tọ́ọ̀nù 5, 120 jẹ́ tọ́ọ̀nù 10.

Àwọn oníṣẹ́ kan a máa wo fífẹ̀ ilé nìkan, wọn a ní kí tọ́ọ̀nù kan wà fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 500. Òmíràn kò tilẹ̀ ní wo fífẹ̀ ilé. Nọ́mbà tí ó bá rí lára ẹ̀rọ tí ó kú ni yóò dà kọ. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2,000. Òṣìṣẹ́ 4 ni ó wà nínú ti àkọ́kọ́, olúkúlùkù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ara ènìyàn kan tí ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ń tú nǹkan bí 450 BTU jáde ní wákàtí kan, wátì iná kan sì ń di 3.4 BTU. Bí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ 100 wátì, àròpọ̀ ooru àwọn ènìyàn àti kọ̀ǹpútà wọn kò ju nǹkan bí 3,200 BTU lọ. Onídìrí ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí ènìyàn 20 bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹ̀rọ agbẹrun 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 1,000 wátì sì ń ṣiṣẹ́, ooru inú ilé náà yóò tó 29,500 BTU, ìyẹn tọ́ọ̀nù méjì àti ààbọ̀, kí oòrùn tó kan òrùlé rárá. Fífẹ̀ kan náà, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn tí ń ta oúnjẹ tún ní ti wọn. Fírísà tí ó jókòó sí àárín ṣọ́ọ̀bù kì í pa ooru run. Gbogbo iná tí ó bá jẹ ni ó ń padà di ooru sínú ilé. Fírísà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìpíndọ́gba 400 wátì yóò da nǹkan bí 10,900 BTU sílẹ̀ ní wákàtí kan, tọ̀sán-tòru. Ní ìgbà òtútù ó jẹ́ ìrànlọ́wọ́, ní oṣù August ní Houston, ẹrù ni.

Ẹnìkan lè wí pé, kí ni ó burú bí a bá ra èyí tí ó tóbi jù, kí ọkàn lè balẹ̀? Ó burú, pàápàá ní ibi tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bíi Houston. Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣe: ó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, ó sì ń fa omi inú rẹ̀ jáde. Kí omi tó lè máa kán, páìpù tútù inú ẹ̀rọ ní láti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó tóbi jù yóò mú afẹ́fẹ́ tutù ní ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì kú kí ó tó fa omi tí ó tó nǹkan. Tẹmosítáàtì ara ògiri yóò ní ilé ti tutù, ṣùgbọ́n ara àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ yóò máa lẹ̀, aṣọ yóò máa rùn, èbu yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ògiri. Títàn àti kíkú lemọ́lemọ́ yìí a sì máa tètè pa kọ́npírésọ̀. Ní tiwa, bí ó bá di dandan kí a yàn nínú méjì, ẹ̀rọ tí ó kéré díẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ pẹ́ tẹ́ wa lọ́rùn ju èyí tí ó tóbi jù lọ. Èyí tí ó lè ṣiṣẹ́ ní ìpele méjì, tí kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, dára ju méjèèjì lọ.

Nítorí náà, ẹ béèrè fún ìṣirò lórí ìwé. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ACCA, ní ìwé ìlànà kan tí a ń pè ní Manual N fún ilé ìṣòwò. Èyí tí a ń pè ní Manual J, ilé gbígbé ni ó wà fún. Oníṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ṣe ìṣirò náà yóò béèrè iye ènìyàn, iye fèrèsé àti apá ibi tí wọ́n kọjú sí, ohun tí ó wà lábẹ́ òrùlé àti àwọn ohun èlò tí ń jẹ iná. Ẹni tí kò bá béèrè ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí kò tíì wọn ohunkóhun.

Afẹ́fẹ́ láti ìta wà nínú ìṣirò náà pẹ̀lú. Ìlànà ASHRAE 62.1 sọ iye tí ó gbọ́dọ̀ máa wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Fún ọ́fíìsì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà afẹ́fẹ́ 5 fún ènìyàn kan àti 0.06 fún ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 140. Fún onídìrí, nítorí òórùn kẹ́míkà, ó jẹ́ 20 fún ènìyàn kan àti 0.12 fún ilẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 640. Gbogbo afẹ́fẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ní láti mú tutù tàbí kí ó mú gbóná kí ó tó kan ènìyàn.

Àwọn tí ó fẹ́ lo irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ìsìn yóò fẹ́ mọ èyí: ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú nǹkan bí 350 BTU jáde, ẹni tí ó ń jó a sì máa tó 850. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ń gbọ́ ìwàásù nílò nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 fún ara wọn nìkan. Nígbà tí wọ́n bá dìde fún orin ìdúpẹ́, ó ti di 7. Ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 5 méjì sàn ju ẹyọ kan tí ó jẹ́ tọ́ọ̀nù 10 lọ. Ọ̀kan lè sinmi ní ọjọ́ tí èrò bá dínkù, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, èkejì kò ní jẹ́ kí ìsìn túká.

Ní ti mímú ilé gbóná, irú ẹ̀rọ méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ń fi iná mànàmáná mú ilé tutù, ó sì ń sun gáàsì láti mú un gbóná. Nínú ìpín 100 ooru tí gáàsì ní, nǹkan bí 80 ni ó ń wọ ilé, ìyókù ń bá èéfín lọ. Èkejì ni heat pump. Heat pump kì í dá iná, kíkó ni ó ń kó ooru láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Nígbà ooru ó ń kó ti inú ilé dà síta. Nígbà òtútù ó yí padà, ó ń wá èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta wọlé, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó tutù pàápàá ní ooru díẹ̀ nínú. Nípa bẹ́ẹ̀, iná ẹyọ kan lè mú ooru tí ó tó ìlọ́po mẹ́ta wọlé nígbà tí ìta bá wà ní 47 Fahrenheit. Bí òtútù bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára yìí ń dínkù. Ìwé ẹ̀rọ náà sábà máa ń sọ ohun tí ó lè ṣe ní 47 àti ní 17. Ẹni tí ó wà ní àríwá gbọ́dọ̀ ka ti 17 dáadáa.

Ìlú tí ilé wà ni yóò pinnu. Ní Houston, òtútù kì í pẹ́, heat pump sì tó. Ní Chicago, níbi tí ó tutù dé 23 sísàlẹ̀ òdo ní ọjọ́ 30 oṣù January ọdún 2019, gáàsì ṣì ní àyè tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan sì wà tí ó ní méjèèjì nínú àpótí kan, tí heat pump ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tí òtútù mọ níwọ̀n, tí gáàsì sì ń gba iṣẹ́ nígbà tí ó bá le. Àwọn kan ń fẹ́ gáàsì nítorí ìbẹ̀rù pé iná lè lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti lọ ní Texas ní oṣù February ọdún 2021. Ṣùgbọ́n fáànù tí ń gbé ooru gáàsì wọlé, iná mànàmáná náà ni ó ń lò. Bí iná bá lọ, méjèèjì ni yóò dákẹ́.

Ẹ lè fi ìwé owó yín ṣe ìṣirò fúnra yín. Therm kan ni wọ́n fi ń ta gáàsì ní ibi púpọ̀, 100,000 BTU sì ni. Èyí tí yóò wọ ilé nínú rẹ̀ jẹ́ 80,000. Kílówáàtì-wákàtí kan jẹ́ 3,412 BTU. Bí heat pump bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ó di 8,530. Nítorí náà, ẹ fi owó therm kan wé owó kílówáàtì-wákàtí 9.4. Èyí tí ó bá kéré ni ó rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ wáyà iná tí ń gbóná lásán ni ẹ̀rọ ń lò, iye náà yóò di 23.4, ìdí sì nìyẹn tí owó iná fi ń ga fíofío nígbà tí heat pump bá fi wáyà ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ iná tún máa ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò lórí ìṣẹ́jú 15 tàbí 30 tí ó jẹ iná jù lọ nínú oṣù. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo tí wáyà wọ̀nyí bá tàn lè gbé owó gbogbo oṣù sókè.

Kẹ́míkà amútutù inú ẹ̀rọ náà ti yí padà. Wọn kò ṣe R-22 tuntun mọ́, wọn kò sì kó o wọ Amẹ́ríkà mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2020. Lábẹ́ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù December ọdún 2020, ìlànà ìjọba fi ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 2025 ṣe òpin ṣíṣe irú ẹ̀rọ orí òrùlé yìí pẹ̀lú R-410A. R-454B àti R-32 ni ó rọ́pò rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè gba iná díẹ̀, nítorí náà oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni kí ẹ pè, ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí EPA 608 lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta R-410A tí ó kù nílẹ̀ fún yín, ẹ rántí pé kẹ́míkà rẹ̀ yóò máa wọ́n sí i.

Ní ti nọ́mbà SEER2 tí àwọn olùtajà fẹ́ràn láti máa pariwo, bí ó bá ti ga tó ni ẹ̀rọ ń dín iná jíjẹ kù nígbà ooru. IEER ni ẹ ó rí lára àwọn tí ó tóbi ju 65,000 BTU lọ. Ní Chicago, ẹ béèrè fún economizer, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù ìta ṣe iṣẹ́ kọ́npírésọ̀. Ní Houston, ọ̀rinrin kì í sábà jẹ́ kí ó ṣe ọ̀pọ̀ àǹfààní.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé iná tí ó wà ní ilé bá ti ẹ̀rọ mu, nítorí ẹ̀rọ three-phase kò lè ṣiṣẹ́ lórí iná single-phase. Ẹ ní kí wọ́n wọn férémù irin tí ẹ̀rọ àtijọ́ jókòó lé, kí wọ́n sì fi owó kírénì tí yóò gbé e sókè sínú iye tí wọ́n bá pè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ tàn. Fílítà rẹ̀ ni ẹ ó máa pààrọ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣooṣù, nítorí irun a máa dí i.