Bẹntiróòlù, Ọṣẹ àti Ọwọ́ Mẹkáníìkì

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà Adjarra bá ń tú, àwọn mẹkáníìkì alùpùpù a kó irin iṣẹ́ wọn jọ. Ó wá ku ọwọ́. Gírísì ti lẹ̀ mọ́ ọn láti àárọ̀. Ọmọ iṣẹ́ a bu kpayo sínú agolo, ìyẹn bẹntiróòlù tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé wá láti Nàìjíríà. Ọ̀gá a fi í ṣan ọwọ́, a sì tún fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí a fi ń fọ aṣọ fọ̀ ọ́. Ọwọ́ a mọ́ tónítóní. Nígbà tí ó bá yá, àárín ìka a bẹ̀rẹ̀ sí í yún, awọ a gbẹ, a sì là. Bí ata bá kàn án, a máa ta bí iná.

Ṣé epo ni ó fà á? Ọ̀gá yóò ní rárá, láti ìgbà ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni òun ti ń fọwọ́ kan epo. Ọṣẹ ńkọ́? Òun náà ni ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ aṣọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Awọ ara ní ọ̀rá tí ó so ó pọ̀, bí amọ̀ ti ń so bíríkì pọ̀. Bẹntiróòlù a yọ́ ọ̀rá náà, ọṣẹ líle a sì gbá ìyókù lọ. Ohun tí kò rí ọ̀nà wọlé tẹ́lẹ̀ a wá wọlé. Àwọn oníṣègùn kan ní ìlú Jena, ní Jámánì, tẹ ìwádìí jáde lórí irú rẹ̀ ní ọdún 2000. Wọ́n fi èròjà ọṣẹ kan àti toluene, tí ó wà nínú bẹntiróòlù, kan awọ ara. Ibi tí méjèèjì kàn pọ̀ pọ́n ju ibi tí ọ̀kan ṣoṣo kàn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ.

Ọmọ iṣẹ́ gan-an ni ewu náà pọ̀ fún, nítorí òun ni ó ń fi bẹntiróòlù fọ irin. Àwọn kan a pè é ní làpálàpá, wọn a lọ ra ìpara lọ́jà. Òmíràn nínú ìpara bẹ́ẹ̀ a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Òróró tàbí àdín lè ṣí gírísì: kí a fi pa ọwọ́, kí a fi àkísà nù ún, lẹ́yìn náà ọṣẹ tí kò le àti omi púpọ̀. Kí a nu àárín ìka gbẹ, kí a sì fi òrí pa á. Bí ọwọ́ bá ṣì ń là, kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn oníṣègùn awọ ara wà ní CNHU ní Kutọnu. Kí aláìsàn má ṣe dárúkọ epo nìkan fún wọn. Kí ó dárúkọ ọṣẹ pẹ̀lú.