Ta ló ń ka àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó kù lẹ́yìn dókítà?

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó ti ní àrùn Ẹ̀bólà lára wọ bàálù ní Làìbéríà, ó gba Lomé kọjá, ó sì balẹ̀ sí Èkó. Nígbà tó fi máa di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé WHO ti kéde pé àrùn náà ti tán nílẹ̀ Nàìjíríà. Ènìyàn 20 ló ràn, 8 nínú wọn sì kú. Gbogbo ayé kan sáárá sí Dókítà Ameyo Adadevoh, ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ náà kò ní í kúrò nílé ìwòsàn, tó sì bá iṣẹ́ náà lọ. Ìyìn yẹn tọ́ sí i, ó tiẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ àwọn tí a kì í dárúkọ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ní láàbù ilé ìwòsàn LUTH, ní Ìdí-Àràbà, ló kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ẹ̀bólà ni. Àwọn tó ń tọpa ẹni tó ti fara kan aláìsàn rí nǹkan bí 890 ènìyàn, wọ́n sì lọ bá wọn lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500 láti mọ̀ bóyá ara ẹnikẹ́ni ń gbóná. Àwọn olùkọ́ni nípa ìlera dé nǹkan bí ilé 26,000 ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ Rivers tí àrùn náà tún dé. Nígbà tí gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìdaṣẹ́sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn, NMA, kéde ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ó sì di apá ìparí oṣù Kẹjọ kí wọ́n tó dá a dúró.

Báwo ni ìlú tí èrò inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ṣe rí i ṣe? Òṣìṣẹ́ ìlera kò ṣàdédé pọ̀ sí i ní Èkó lọ́dún náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, WHO, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà àti àwọn mìíràn bọ́ sábẹ́ ibùdó ìdarí kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ṣe lọ́nà tí wọ́n ti ń gbà bá àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà. Ibùdó náà mọ àwọn tó wà níkàáwọ́ rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ tí oníkálukú lè ṣe, ó sì mọ àdúgbò tí yóò rán wọn lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Èrò mi ni pé ohun tí Èkó fi ìbẹ̀rù ṣe fún oṣù mẹ́ta yìí ló yẹ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ṣe lójoojúmọ́, láìsí àjàkálẹ̀ àrùn kankan. Àwọn tó ń kọ́ òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn tó ń fún wọn níwèé àṣẹ, àwọn tó ń gbà wọ́n síṣẹ́ àti àwọn tó ń rán wọn lọ sí ìgbèríko gbọ́dọ̀ máa fikùn lukùn, kí wọ́n sì jọ máa wo àkọsílẹ̀ kan náà. A máa ń pariwo pé òṣìṣẹ́ kò tó, òótọ́ sì ni. Àmọ́ èyí tí a ní gan-an, a kò mọ iye wọn, a kò sì mọ ibi tí wọ́n wà.

Ẹ wo ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Bóyá àìsàn náà kì bá tí wáyé rárá ká ní òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè, àwọn tí à ń pè ní CHEW, ti rí i ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Tó bá ti wáyé, dókítà kò lè fojú lásán mọ̀ bóyá iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló dí ni àbí ó bẹ́, àfi tí ẹni tó ń ya àwòrán inú ara bá ti gbé aláìsàn náà sínú ẹ̀rọ CT. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn tó ń la iṣan tó dí lè pa ẹni tí tirẹ̀ bẹ́. Onímọ̀ láàbù ni yóò sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe wà. Apòògùn ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn tuntun náà bá èyí tó ń lò tẹ́lẹ̀ mu. Onífisiotẹ́rápì ni yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì àti bí yóò ṣe tún gbẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn tún wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ọwọ́ kan ṣoṣo wọ aṣọ, kó de bọ́tìnì, kó sì bu oúnjẹ sẹ́nu. Onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè gbé omi mì láìjẹ́ pé omi náà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, òun náà ni yóò sì bá a wá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà. Tí ẹni tó ń tọ́jú fáìlì kò bá rí káàdì rẹ̀, gbogbo wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tí mo kà sílẹ̀ yìí, àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n jù ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí àìsàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò lè lọ fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni.

A kò kúkú pẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní fisiotẹ́rápì gba oyè. Láàárín ọdún 1987 sí 1992, ìjọba ológun gbé òfin jáde tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ya àwòrán inú ara, fún onífisiotẹ́rápì àti àwọn ojúgbà wọn, fún àwọn onímọ̀ nípa ojú, fún àwọn tó ń tọ́jú fáìlì àti fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ìlera nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, òun náà ló sì gbé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé lé èjìká àwọn CHEW ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo wọn wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Ẹlẹ́yẹlé, Iléṣà, Àkúrẹ́, Ìjerò-Èkìtì àti Yábàá. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń kọ́ṣẹ́. Ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà jẹ́ ti ìpínlẹ̀, alábọ́ọ́dé jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, aládàáni sì dá dúró láàyè tirẹ̀. Bó ṣe di pé ọmọ tó gboyè jáde ń káàkiri láti wá ibi tí yóò ti ṣe ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ tó pọndandan nìyẹn, nígbà tí jẹ́nẹ́rà kan lè wà nítòsí tí kò ní ẹyọ ẹnìkan tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ kò mọ̀ pé jẹ́nẹ́rà náà ń wá èèyàn. Jẹ́nẹ́rà náà kò mọ iye ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìpínlẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ti ń gbìyànjú láti yanjú irú ìṣòro yìí fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, ìyẹn North Carolina. Ní ọdún 1970, ìgbìmọ̀ Carnegie lórí ẹ̀kọ́ gíga dámọ̀ràn pé kí wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera sílẹ̀ káàkiri àwọn agbègbè tó jìnnà sí yunifásítì. Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill gba owó ìjọba àpapọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Ní 1974, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kí ètò náà, tí wọ́n ń pè ní AHEC, lè kárí gbogbo káńtì 100 tó wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹkùn mẹ́sàn-án. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ń bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ṣẹ́, ó ń bá wọn wá ilé tí wọn yóò máa gbé, ó sì ń dá àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ kí ẹni tó wà ní ìgbèríko má baà di ẹni tí ìmọ̀ fi sílẹ̀. Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ di dókítà nìkan ni ètò náà wà fún, nọ́ọ̀sì àti àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tó wú mi lórí jù lọ níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ wọn. Fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ náà ti ń kó orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ wọn fún ibùdó ìwádìí Sheps ní Chapel Hill lọ́dọọdún, ibùdó náà á sì kà wọ́n káńtì sí káńtì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye onífisiotẹ́rápì tó ń ṣiṣẹ́ ní káńtì kan, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá iye náà ń lọ sókè ni àbí ó ń lọ sílẹ̀, yóò rí i. Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan bá ní òun fẹ́ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tuntun sílẹ̀, àríyànjiyàn lórí bóyá ó yẹ ní ohun tó dúró lé. Èmi kò sọ pé ìgbèríko North Carolina ti bọ́ lọ́wọ́ àìtó òṣìṣẹ́. Àwọn káńtì tó tòṣì níbẹ̀ ṣì ń wá wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí àlàfo wà.

Ní ti rírán akẹ́kọ̀ọ́ jáde, àwa la ṣáájú wọn. Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ètò Ìbàràpá, tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń lọ gbé ní Ìgbò-Ọrà láti kọ́ṣẹ́ láàárín àwọn ará oko. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ètò yunifásítì kan ṣoṣo ní agbègbè kan ṣoṣo ni. Kò di ètò gbogbo ìpínlẹ̀. WHO gbé ìmọ̀ràn jáde ní 2010, wọ́n sì tún un ṣe ní 2021, pé lára ohun tó máa ń mú òṣìṣẹ́ dúró ní ìgbèríko ni kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbèríko, kí ilé ẹ̀kọ́ sún mọ́ ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan kò lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe. Ìpínlẹ̀ lè ṣe é, nítorí ó tóbi tó láti ní ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, ó sì kéré tó láti mọ ìyàtọ̀ láàárín Ṣakí àti Ìbàdàn. Ibi tí wọn yóò gbé e lé náà ti wà. Láti 2011 ni ìlànà orílẹ̀-èdè ti ní kí ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ti ní i. Kí wọ́n fẹ ètò náà títí dé jẹ́nẹ́rà àti ilé ẹ̀kọ́. Ọdọọdún ni onímọ̀ láàbù, onífisiotẹ́rápì àti àwọn tó ń ya àwòrán inú ara ń sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun. Kí Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì béèrè èyí tó kàn án lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó fi wé ìwé owó oṣù tirẹ̀. Kò gba ilé tuntun, kò sì gba ẹ̀rọ olówó gọbọi.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé òfo ni gbogbo èyí, pé tí a bá kọ́ wọn tán wọn yóò jápa. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n. WHO ti fi Nàìjíríà sára orílẹ̀-èdè 55 tí kò yẹ kí àwọn olówó máa wá kó òṣìṣẹ́ ìlera wọn láìronú. Owó oṣù tó kéré ń lé èèyàn lọ, kò sí ìpàdé tó lè bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń wá ibi ìkọ́ṣẹ́ láìrí, tàbí tó ń dúró de ìgbàsíṣẹ́ tí kò dé, ilé ti lé e kí òkè òkun tó pè é. Ìpínlẹ̀ tó bá lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin pé jẹ́nẹ́rà báyìí ni yóò ti kọ́ṣẹ́, pé àyè iṣẹ́ báyìí ló ń dúró dè é, ti mú ìdí kan kúrò nínú ìdí tí wọ́n fi ń lọ. Àwọn CHEW tiẹ̀ wà tí ìwé ẹ̀rí wọn kò rọrùn láti fi ríṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, nítorí abúlé tiwa la ṣe é fún. Tí a bá ń ronú nípa ẹni tí yóò dúró, àwọn ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ lójú mi: pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí àti àwọn dókítà kò lè jókòó pọ̀. Ní 2018, ẹgbẹ́ JOHESU, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà jọ, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 44, ohun pàtàkì tí wọ́n ń béèrè sì ni kí ìjọba ṣe sí owó oṣù wọn bó ṣe ṣe sí ti dókítà. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní, kò sì sí ẹni tó yẹ kó díbọ́n pé ìpínlẹ̀ lè parí ìjà yìí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó bá di ìjà nìkan ni wọ́n máa ń pàdé, ìyẹn gan-an sì ni ìṣòro náà. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa iye onímọ̀ láàbù tí Ògbómọ̀ṣọ́ nílò kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe wà lọ́dún 2014 kan náà: oṣù Kẹjọ, tí Ẹ̀bólà ṣì wà ní Èkó, ni iléeṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí bí iṣẹ́ yóò ṣe máa pín láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, títí kan ohun tí CHEW lè ṣe. Èmi yóò fi kún un pé kí alága ìgbìmọ̀ tí ìpínlẹ̀ bá gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí máa yí láti iṣẹ́ kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ dókítà ni alága lọ́dọọdún, àwọn tó kù kò ní í fi òótọ́ ọkàn wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin àti owó. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Àwọn kan gbà pé èyí yóò tú àjọ alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀ ká. Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ní owó lọ́wọ́ lè fi àdéhùn tó kọ sílẹ̀ dá tirẹ̀ sínú àpò kan, tó bá rí i nínú àkọsílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tó sanwó fún dé ọ̀dọ̀ òun. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, alága ìjọba ìbílẹ̀ kankan kò ní ìdí láti dá a. Ní ti owó tó ń ti òkè wá, òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 dá àpò kan sílẹ̀ láti inú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀, ó sì ní kí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àpò náà lọ fún mímú òṣìṣẹ́ ìtọ́jú alábọ́ọ́dé gbèrú. Èyí tó bá kan ìpínlẹ̀ nínú rẹ̀ lè má pọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi í gba ẹnìkan tí yóò jókòó ti àkọsílẹ̀ náà, kí wọ́n sì háyà ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ẹlẹ́yẹlé yóò máa gbé ní Ìgbò-Ọrà, ní Ṣakí àti ní Kíṣí nígbà tí wọ́n bá lọ kọ́ṣẹ́.